Kóòdù wa ò jọra, test ò sì tó: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ Python. Fáìlì tèmi, àlàfo mẹ́rin. Ti ẹnìkejì, tab. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tún ìtò fáìlì kan ṣe látòkè délẹ̀, ó sì sọ `<` di `<=` nínú commit kan náà (ìyẹn àkójọ àyípadà tá a fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan sínú Git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù wa). Ìlà tó lé ní 600 ló yí padà lójú wa. Ta ni yóò rí àmì kékeré yẹn? Àwọn tó ń lò ó ló pariwo. Test, ìyẹn kóòdù tó ń dán kóòdù wa wò, mẹ́ta péré la ní. Ṣé òfin ni kí n kọ́kọ́ kọ, àbí test?

Ìdáhùn 1: Àbúrò, má kọ òfin kankan. PEP 8, ìlànà bí a ṣe ń kọ kóòdù Python, ti wà láti 2001: àlàfo mẹ́rin, àmì 79 lórí ìlà. Ẹ jẹ́ kí Black, irinṣẹ́ tó ń to kóòdù, máa tò ó fún yín, ẹjọ́ parí. 88 ni Black ń lò ní tirẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn jà. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ run ún lórí gbogbo kóòdù, nínú commit tí kò ní nǹkan mìíràn nínú.

Ìdáhùn 2: Ẹ̀gbọ́n, `git blame` tó ń sọ ẹni tó yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà gbẹ̀yìn ńkọ́? Ẹni tó run Black ni yóò máa dárúkọ lórí gbogbo ìlà.

Ìdáhùn 1: Ẹ kọ nọ́ńbà commit náà sínú `.git-blame-ignore-revs`, kẹ́ ẹ sì fi `blame.ignoreRevsFile` júwe fáìlì náà fún Git. Ó ti wà láti Git 2.23.

Ìdáhùn 3: Black ò lè rí `<=` yẹn o, test ló lè rí i. Kọ test fún bug (àṣìṣe) yẹn gan-an kó o tó tún un ṣe, kó kọ́kọ́ fìdí rẹmi lójú ẹ. Bí ààlà bá jẹ́ 10, dán 9, 10 àti 11 wò. Má pè é ní `test_2`. Jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sọ ohun tó bàjẹ́. Èmi náà pe fáìlì kan ní `idanwo_iye.py` rí. `test_*.py` tàbí `*_test.py` ni pytest, irinṣẹ́ tó ń run test, ń wá, kò kà á rárá. Àwọn test yòókù ń yege, inú mi ń dùn lásán.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Alẹ́ òní ni màá run Black. Pull request méjì (àyípadà tá ò tíì dà pọ̀ mọ́ kóòdù gbogbo wa) ṣì wà nílẹ̀ ṣá.

Ìdáhùn 2: Háà! Ẹ merge ìyẹn ná, kẹ́ ẹ dà á pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, conflict, ìyẹn àyípadà tó forí gbárí, ni wàá máa tú títí ilẹ̀ á fi mọ́.