«Ìṣègùn wèrè àwùjọ»: «ní» dà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣábẹ̀ gbé «ìṣègùn wèrè àwùjọ» kalẹ̀ fún ohun tí àwọn Faransé ń pè ní psychiatrie sociale, ẹ̀ka ìṣègùn ọpọlọ tó ń wo bí àwùjọ ṣe kan àìsàn ọpọlọ àti ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè gbà á. Ìyá mi ń pọ́n àkàsà lọ́wọ́ ní Kétu níbí nígbà tí mo kà á fún wọn. Wọ́n dáwọ́ dúró, ewé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní: «Àwùjọ wo ló ya wèrè?»

Ìbéèrè náà tọ́. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ mẹ́ta bá tò tẹ̀léra báyìí, ti ẹ̀yìn ló ń ni ti iwájú: wèrè di ti àwùjọ. «Ní» ló sọnù. Ẹ fi í sí i, kó di «láwùjọ», ìtumọ̀ yí padà pátápátá: àwùjọ di ibi tí ìtọ́jú ti ń wáyé. Lójú tèmi, inú «l» kékeré yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìmọ̀ náà wà.

Ẹ wo ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà. Nígbà tí Lambo, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ilé ìwòsàn ò tíì parí. Abúlé tó yí i ká ni àwọn aláìsàn wọ̀ sí, nínú ilé àwọn àgbẹ̀, ẹbí kan sì ń bá olúkúlùkù gbé, ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń mú un lọ gba ìtọ́jú. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà lọ́wọ́ sí i. Lambo àti Alexander Leighton, oníṣègùn ọpọlọ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, wá wádìí láàárín àwọn ará abúlé, ìwé wọn jáde ní 1963. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí Aró: Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ní 1991, ìlànà ìjọba Nàìjíríà ní kí ìtọ́jú ọpọlọ wọnú ìtọ́jú ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ibùdó tó sún mọ́ ilé. «Ní» náà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n á ní àwùjọ náà ń fa àìsàn: òṣì, ogun, ilé tó tú. Òtítọ́ ni. Ẹ pè é ní «àìsàn tó tọwọ́ àwùjọ wá» nígbà náà.

«Wèrè» gan-an ń dùn mí. Àbúrò bàbá àgbà mi máa ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Bàbá ò jẹ́ ká pe orúkọ yẹn sí wọn rí. «Orí wọn ló dàrú», wọ́n á sì bu oúnjẹ fún wọn nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú tiwa. Ẹni tí a ò mọlé rẹ̀ là ń pè ní wèrè.

«Ìtọ́jú orí láàárín ará» ni mo mú wá. Ẹni tó bá fẹ́ «ọpọlọ» lè fi rọ́pò «orí», ṣùgbọ́n ohùn àárín mẹ́ta ni. Ẹran tó ń fò ni «ọ̀pọ̀lọ́» tí ẹnìkan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àwọn àgbà Ṣábẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tí a kò lé kúrò nílé. Ẹ kọ ọ́ síbí, pẹ̀lú àmì ohùn.