Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìrírí Wa Lórí Ẹ̀kọ́ Orí Fóònù

Tíṣà Ìṣirò, Ìkìrun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àtijọ́. Ìbéèrè tí ẹnì kan bi wá lánàá, pé ṣé ẹ̀kọ́ orí fóònù tó ẹ̀kọ́ ojúkojú, kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS3. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba ní kí gbogbo iléèwé wà ní títì pa, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí WAEC bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àtijọ́ là ń yanjú lọ́wọ́. Ọmọ méjìdínlógójì ló wà ní kíláàsì mi. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ tí mo dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, mọ́kànlélógún péré ni mo rí kó jọ. Nínú wọn náà, bóyá ni mẹ́fà ní fóònù tirẹ̀. Fóònù bàbá tàbí ti ìyá ni àwọn yòókù ń lò. Ìyá ọmọ kan ń ta ata. Ó ń di aago mẹ́jọ alẹ́ kí ìyá tó délé, kí ọmọ tó lè gbọ́ ohun tí mo ti kọ́ wọn láàárọ̀. Àbúrò rẹ̀ méjì tún wà ńbẹ̀ tí tíṣà tiwọn náà ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, bátìrì sì ti fẹ́ẹ̀ tán.

Mo lẹ káàdìbọ́ọ̀dù mọ́ ògiri pálọ̀ wa, mo ń fi máákà kọ ọ́, ìyàwó mi ń bá mi ya fídíò. Nígbà tí mo rí i pé fídíò ń jẹ dátà àwọn òbí, mo yí i padà sí àwòrán àti ohùn tí mo gbà sílẹ̀. Mo ṣe é tọkàntọkàn, mo sì rò pé ó ń lọ dáadáa.

Ẹ gbọ́ o. Ní kíláàsì, bí mo bá kọ nǹkan sára pátákó tán tí mo yíjú padà, ojú àwọn ọmọ ni mo máa ń kà. Ẹni tí kò yé á ki ìdí bírò bọnu. Ẹni tí kò jẹun wá á máa wo ojú fèrèsé. Èmi kò ní láti bi ẹnikẹ́ni léèrè kí n tó mọ ẹni tí màá lọ dúró tì. Lórí fóònù, àmì búlúù méjì ni mo ń rí. Bí mo bá ní "Ṣé ó yé yín?", gbogbo wọn á kọ ọ́ tẹ̀lé ara wọn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Èmi náà á dúpẹ́, màá bọ́ sórí òmíràn.

Ọmọkùnrin kan wà tí kì í ṣe àṣìṣe kankan. Gbogbo iṣẹ́ tó bá yà ní fọ́tò ránṣẹ́ ló máa ń pé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ojú mi tó là: ìlà kékeré kan wà láàárín gbogbo 7 tó kọ. Ọmọ yìí kì í kọ 7 báyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n fún ọdún méjì, mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Mo pè é, mi ò bá a wí, mo kàn ní kó sọ bó ṣe jẹ́. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ má bínú, sà. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kò ti yé mi mọ́. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ohun tí ǹ bá rí ní ìṣẹ́jú márùn-ún bó bá jẹ́ pé iwájú mi ló jókòó.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kan náà tó máa ń kólòlò. Fún ọdún méjì, kò dáhùn ìbéèrè kan rí. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, á dìde, á wolẹ̀, àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, màá sì ní kó jókòó. Lórí WhatsApp, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè pa á rẹ́ kó tún un sọ ní ìgbà mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ṣàlàyé, nítorí àlàyé rẹ̀ yé wọn ju tèmi lọ. Ojú tí mo ní mo fi ń ka àwọn ọmọ, kò ka tirẹ̀. Ó dùn mí di òní.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún SS3 ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ìbòmú bo ìdajì ojú wọn, síbẹ̀ ìdajì tó kù tó mi í kà. Mo fa ọmọkùnrin yẹn síwájú, a ń dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá lọ. Ní ti ọmọbìnrin, mo rò pé á máa sọ̀rọ̀ báyìí. Kò sọ̀rọ̀.

Màmá Ọmọ Méjì, Lọ́ńdọ̀nù

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Omi bọ́ lójú mi níbi tí ọmọ yẹn ti ní "èmi nìkan ni."

Áàpù kan ni ọmọ mi ọkùnrin fi ń kọ́ Yorùbá. Máàkì rẹ̀ ń pé, inú mi ń dùn. A wá délé ní Abẹ́òkúta lákòókò ìsinmi. Ó rí màmá mi, ó dúró gbọnrangandan, ọwọ́ ní àpò ṣòkòtò, ó ní "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ohùn rẹ̀ dára, àmì rẹ̀ pé. Màmá mi sì ń wò ó, wọ́n ń dúró de ìyókù. Ẹ̀rọ ti kọ́ ẹnu rẹ̀, kò kọ́ àyà rẹ̀ láti kan ilẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú la máa ń pè wọ́n lórí fídíò. Wọ́n á ní, "Gbé fóònù yẹn jìnnà, mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ." Á dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa ki oríkì rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já láàárín. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó dìde, ó kọ̀. Ó ní Màmá kò tíì kì í tán. Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí wọ́n fi padà wá.

Ọmọ Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé. Mo wà nílé ìwé girama nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ìyẹn táblẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ iléèwé, jáde ní 2013. Ìwé wà nínú rẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ wà nínú rẹ̀, kò sì jẹ dátà. Bí iná bá lọ lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ là ń lò. Àwọn ọmọ àdúgbò á wá, orí márùn-ún lórí ọ̀pọ́n kan, à ń jiyàn lórí ìdáhùn B àti ìdáhùn D títí ìyá mi á fi lé wa lọ sùn. Ẹ̀rọ yẹn kó wa jọ ni.

Àbúrò mi ń múra JAMB lọ́wọ́. Ó ní fóònù tirẹ̀, ó ki nǹkan bọ etí, ó ti ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan náà ni. Ó yára jù wá lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe mí.

Tíṣà Ìṣirò, Ìkìrun

Màmá Ọmọ Méjì, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ọmọ Iléṣà, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò yín lálẹ́ òní, kí ẹ bá a jiyàn.

Ẹnì kan bi mí ní ìdákọ́ńkọ́ nípa ọmọbìnrin yẹn. Ó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ó ṣì ń kólòlò díẹ̀, kò sì pa á rẹ́ kó tún un sọ. Ó ní ọmọ kan wà ní kíláàsì òun tí kì í lanu rárá, pé kí ni kí òun ṣe. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹni tó bá ti bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí n tó pè é.