Ìyá kan tó kó padà sáàárín ìlú ní Toyama

Toyama ni mo ti kàwé ní Jàpáàn, ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ tó nǹkan bí 400,000. Nítòsí ọjà Sogawa, láàárín ìgboro, ni mo gbé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìyá àgbà kan tí ilẹ̀kùn wa kọjú síra.

Ẹ̀yìn ìlú ni òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí nígbà èwe wọn. Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kálukú sì ní mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni ìgboro ṣe ń dá, tí ìsọ̀ ń tì. Nígbà tí ọkọ kú ni ìnira dé. Òjò dídì Toyama kì í ṣe eré. Ta ni yóò máa bá ìyá kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà? Ojú rẹ̀ kò sì gbé ọkọ̀ wíwà mọ́. Ló bá kó padà sígboro.

Ìjọba ìlú náà ti rí i pé títún títì ṣe àti kíkó òjò dídì dé gbogbo ibi tí ilé fọ́n ká sí yóò wọ àwọn lọ́rùn bí èèyàn ṣe ń dín kù. Masashi Mori, tó di olórí ìlú ní 2002, kò lé ẹnikẹ́ni nílé; ó fẹ́ kí ìgboro fa èèyàn mọ́ra ni. Wọ́n sọ ojú irin àtijọ́ kan di ti Portram, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rìn láàárín ìlú, ní 2006. Ní 2009, wọ́n ṣe èyí tó ń yí ìgboro po. Wọ́n fowó ran àwọn tó ra ilé tàbí tó háyà ilé níbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ẹni ọdún 65 sókè máa ń fi yẹ́ẹ̀nì 100 wọkọ̀ wá sígboro. Ní 2008, àwọn tó ń kó wọlé síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwọn tó ń kó jáde lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti òdòdó. Nígbà náà, bí o bá ra òdòdó ní ìsọ̀ tí ìlú yàn, tó o gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin náà, ọ̀fẹ́ lo máa wọ̀ ọ́. Ìyá á gbé tirẹ̀ lé itan, ẹni tó jókòó tì í á béèrè orúkọ òdòdó náà, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ó ní nílé òun àtijọ́, ilẹ̀ lè mọ́ kó tún ṣú kí òun má bá èèyàn kan sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ọkọ̀ yẹn ló dá àwọn bíi tirẹ̀ padà sígboro, kì í ṣe àwọn ilé gogoro tuntun.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ kàwé, Tókíò ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí, ǹjẹ́ ẹ rí èyí tí àwọn ọ̀dọ́ padà sí? Kí ló mú wọn dúró?