Àwo oníhò 96 fojú mi rí màbo ní Ṣágámù

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Láàbù kékeré kan ní Ṣágámù ni mo wà nígbà yẹn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń po kẹ́míkà nínú ìgò, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́túnla, mò ń wá ohun tó máa jẹ́ kí èròjà méjì lẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi gbé àwo oníke kan kalẹ̀: ihò mẹ́jọ níbùú, méjìlá lóròó. Màmá tó ń bá wa gbálẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ayò lẹ fẹ́ ta ni?" Wọn ò kúkú parọ́, ọpọ́n ayò mẹ́jọ ni.

Ihò kan, ìdánwò kan. Mo fi pípẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi ń fa kẹ́míkà díẹ̀díẹ̀, ro 50 máíkírólítà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀kán omi kan péré, mo dé e, mo fi ooru sí i mọ́jú. Nígbà tí n óò ṣí i láàárọ̀, gbogbo ihò etí ti gbẹ táútáú, àárín nìkan ló ṣì tutù, àfi bí ẹ̀bà àná.

Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Jámánì ló là mí lóye. Acetonitrile, omi tí mo fi po kẹ́míkà mi, 82°C ló ń hó, ìyẹn ló ṣe tètè gbẹ. DMSO, omi míì tí a fi ń po kẹ́míkà, ó di 189°C kó tó hó. Ó ní DMSO yìí ni onímọ̀ kẹ́míkà Tim Cernak àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Merck, ilé iṣẹ́ apoògùn, lò lọ́dún 2015, tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tó lé ní 1,500 láàárín ọjọ́ kan tí kò pé, èròjà inú òmíràn ò ju 0.02 mílígíráàmù lọ. Àwo oníhò 1,536 ni tiwọn. Ọpọ́n ayò 128!

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀gbọ́n, DMSO yẹn náà ò ṣe é fọkàn tán o. Wọ́n múná wá mọ́jú lọ́jọ́ kan (ẹ bá mi dúpẹ́), ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́ dáadáa, ni kẹ́míkà mi bá dì gbagidi. Kó ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi 18°C báyìí, ó tán.

Ará Ìperu: Tèmi ò kan ooru, kò kan òtútù. Èmi ni mo yí àwo po. A1, ihò àkọ́kọ́, di H12, ihò tó gbẹ̀yìn. Mo sáré lọ sọ fún ọ̀gá pé mo ti rí èyí tó dára jù, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta po ó nínú ìgò ńlá, kò mú nǹkan kan jáde. Àṣé ìdí tí wọ́n fi gé igun àwo yẹn díẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, máákà pupa kì í kúrò lápò mi.