Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó ṣáájú nínú àwọn àpáta tó gba inú ara wọn kọjá?

Ọmọ Kàbà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí wọ́n ti gé òkè láti la ọ̀nà nítòsí Kàbà, mo rí àpáta kan tó ní ìlà dúdú àti funfun, tí gbogbo rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Àpáta mìíràn, tó mọ́ díẹ̀ tó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, gba àárín rẹ̀ kọjá bí okùn, ṣùgbọ́n okùn náà já níbì kan, apá kejì rẹ̀ sì yẹ̀ sísàlẹ̀. Ǹjẹ́ a lè fi èyí mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?

Olùkọ́ Ìsánlú: Ó ṣeé mọ̀ dáadáa. Ohun tó bá gé òmíràn kọjá ni àbúrò ohun tó gé. Àpáta onílà yẹn ló ti wà nílẹ̀, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ àti agbára tó fún un láti ẹ̀gbẹ́ fi lọ́. Lẹ́yìn náà ni àpáta yíyọ́ ráyè wọ inú rẹ̀, tó sì tutù di okùn. Ìyapa tó já okùn náà ló kẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ pa ojú ibi tó ti ya. Bí ó bá ń dán, tó sì ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ibi tí wọ́n ti wọ́ nǹkan tó wúwo kọjá, ibi tí ìlà náà kọjú sí ni àpáta náà gbà yẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá tó lọ́ àpáta agbègbè wa wáyé ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ará Lọ́kọ́jà: Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, òkúta oníyanrìn Òkè Patti, tí kò tó 100 mílíọ̀nù ọdún, tẹ́ pẹrẹsẹ lórí irú àpáta lílọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 500 mílíọ̀nù ọdún ló sọnù níbi tí méjèèjì ti pàdé, nítorí pé òjò àti odò ti họ àwọn òkè ìgbà náà lọ kí yanrìn tó wá tẹ́ sórí wọn.

Ọmọ Kàbà: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé èyí tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń dàgbà jù nígbà gbogbo?

Olùkọ́ Ìsánlú: Rárá o, pàápàá níbi tí ilẹ̀ méjì ti kọlu ara wọn. Ní Glarus, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, àpáta tó lé ní 250 mílíọ̀nù ọdún ló jókòó lórí èyí tí kò ju nǹkan bí 50 mílíọ̀nù lọ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì pààlà sáàárín wọn kedere lára òkè. Ní 1884 ni Marcel Bertrand, onímọ̀ nípa àpáta ará ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé pé ìyapa kan ṣoṣo ló ti èyí àgbà gun orí èyí àbúrò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ìyapa kí ẹ tó fi ìpele àpáta mọ èyí tó ṣáájú.