Àwọn ọ̀dọ́ wa ò lè dá nǹkan kan ṣe tí mi ò bá sí níbẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àtàwọn méjì kan la jọ ń bójú tó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ládùúgbò, àwọn ọmọ náà jẹ́ 18, ọdún 13 sí 17, gbogbo Sátidé la máa ń pàdé. A fẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣáájú. A ti ṣe lẹ́kíṣọ̀ títí ó ti sú wa, a yan ààrẹ, akọ̀wé, akápò. Sátidé tó kọjá ni mo pẹ́, ó tó ogójì ìṣẹ́jú, ìgbà tí mo máa dé, gbogbo wọn fẹ̀yìn ti ògiri, kálukú tẹjú mọ́ fóònù, àwọn àga ṣì wà bá a ṣe tò wọ́n léra, kọ́kọ́rọ́ yàrá tá à ń kó bọ́ọ̀lù sí sì wà lọ́wọ́ ààrẹ wọn, ó ń fi í yí ìka. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ní "Àǹtí, ẹ̀yin là ń dúró dè." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

Tíṣà Àgbà: Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣùgbọ́n ẹ ò fún un láṣẹ. Àwọn 18 pọ̀ jù fún ọmọ kan láti darí. Nígbà tí Baden-Powell, ọ̀gá ológun ará Britain kan, kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea lọ́dún 1907, ọ̀nà mẹ́rin ló pín wọn sí, ó fi ọmọ kan ṣe olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Scout ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín tiyín sí mẹ́fà mẹ́fà, kí olórí máa yí po.

Ìyá Àwọn Ọ̀dọ́: Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Roger Hart kọ ìwé kan fún UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, lọ́dún 1992, ó fi báwọn ọmọdé ṣe ń kópa wé àkàsọ̀ onípele 8. Mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe ìkópa rárá, bí ìgbà téèyàn fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́ lásán káyé lè rí i pé ọmọdé wà níbẹ̀ ni. Èyí tó ga jù, ọmọ ló máa mú àbá wá, òun àtàgbà á wá jọ pinnu. Torí náà mo fẹ́ bi yín, èwo làwọn ọmọ yẹn ti pinnu rí tí kò tẹ́ ẹ yín lọ́rùn, tẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ fún wọn?

Alámòójútó: Èmi ti ṣe é rí. Ọmọ ọdún 14 kan tí kì í lanu, mo ní kó ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù wa. Lọ́jọ́ yẹn ó gbàgbé fèrè rẹfirí, mo rí i, fèrè kan sì wà nínú báàgì mi, àmọ́ mo jókòó jẹ́ẹ́. Ojú ẹ̀ pọ́n, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó wá pe ọmọ kan tó máa ń fi ìka súfèé, ìyẹn ló fi súfèé títí tí bọ́ọ̀lù fi parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lísìtì nígbà kejì. Àmọ́ o, ibi tí omi jíjìn bá wà, tàbí iná, tàbí owó, àgbà ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Àǹtí tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Àwọn Ọ̀dọ́, mo ti ronú títí, kò sí ẹyọ kan. Ọmọkùnrin kan tún wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀, báwo ni kí n ṣe tiẹ̀?

Tíṣà Àgbà: Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́ o, ẹ̀bùn ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kó máa béèrè èrò àwọn ẹlòmíì kó tó sọ tiẹ̀.

Àǹtí tó béèrè: Mo ti fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, pé òun ló máa darí ìpàdé Sátidé yìí, mo máa jókòó sẹ́yìn. Ó ní "Ṣé lóòótọ́ ni, Àǹtí?" Mo ní lóòótọ́ ni.