Kẹ̀kẹ́ wo ni kí n rà fún triathlon àkọ́kọ́ mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún triathlon nígbà ooru tó ń bọ̀, níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ká wẹ 1,500 mítà nínú adágún, ká gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 40, ká wá fi ẹsẹ̀ sá 10. Omi àti eré sísá kò bà mí lẹ́rù. Kẹ̀kẹ́ ni wàhálà mi.

£900 ni gbogbo owó tí mo ní fún un. Ẹnìkan ń ta kẹ̀kẹ́ TT àlòkù, irú èyí téèyàn máa ń na ọwọ́ síwájú dọ̀bálẹ̀ lé kí atẹ́gùn má baà dá a dúró. Ó rẹwà, kí n má parọ́! Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti dọ̀bálẹ̀ báyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò sí lórí bíréèkì mọ́, Sheffield tí mò ń gbé sì kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyàwó mi ní kí n ra kẹ̀kẹ́ títì lásán, kí n so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àfikún tí wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn tó bá yá. Ó jọ pé òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ ojú mi ṣì wà lára èyí tó rẹwà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, èwo lẹ máa mú? Mo ga díẹ̀, mítà 1.88, ṣé fírémù sẹ̀ǹtímítà 58 á gbà mí? Aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń wẹ omi tútù ńkọ́, ṣé kí n rà á ni àbí kí n yá a? Akoto àti bàtà tó ń há mọ́ pẹ́dà náà ṣì wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rà nínú owó yìí o.